Ohun tí ó wà nínú ìgò abẹ́rẹ́ àjẹsára

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí. Ìkéde abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ẹ máa ń gbé jáde a máa sọ ọjọ́, a sì máa sọ ibi tí a ó gbé ọmọ lọ. Ohun tí kì í sọ ni ohun tí ó wà nínú ìgò, ibẹ̀ gan-an sì ni ìbẹ̀rù àwọn ìyá ọmọ wà. Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́bìnrin kan ní àdúgbò wa ní Òkè-Fìà bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá tíṣà, ṣé òótọ́ ni pé oró àrùn ni wọ́n ń gún sí ọmọ lára?"

N kò lè purọ́ fún un. Mo ní lára oró àrùn ni wọ́n ti mú òmíràn nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti rọ ọ́ lóró. Mo wá sọ̀rọ̀ Rino Rappuoli fún un, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Ítálì tí ó ṣiṣẹ́ ní ìlú Siena. Tẹ́lẹ̀, formalin, tí àwọn onímọ́ṣúárì fi ń tọ́jú òkú, ni wọ́n fi ń pa oró kòkòrò tí ó ń fa ikọ́ líle àwọn ọmọdé, ikọ́ tí ọmọ yóò máa hú títí tí èémí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n purotéènì ni oró náà, formalin a sì máa ba ìrísí rẹ̀ jẹ́, ara kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dá ojúlówó rẹ̀ mọ̀ mọ́. Rappuoli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún àbùdá rẹ̀ ṣe, wọ́n pààrọ̀ ègé méjì péré nínú àwọn ègé tí a fi to purotéènì náà, wọ́n sì kéde ní ọdún 1989 pé ìrísí rẹ̀ kò yẹ̀, oró rẹ̀ sì ti lọ. Mo ní ó dà bí kọ́kọ́rọ́ tí àwọn tí ń gẹ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́bàá Ọjà Ọba rẹ́ eyín rẹ̀ díẹ̀: yóò wọ ihò, kò ní ṣí ilẹ̀kùn.

CRM197 tún wà, tí ó jẹ́ oró diphtheria, àrùn tí ó ń dí ọ̀nà ọ̀fun, tí kò lóró mọ́. Kì í ṣe Rappuoli ni ó kọ́kọ́ rí i o, àmọ́ ní ọdún 1984 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nínú ègé 535 tí a fi to purotéènì náà, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó yí padà. Iṣẹ́ CRM197 nìyí: ara ọmọ ọwọ́ kì í dá aṣọ ṣúgà tí kòkòrò àrùn lọ́rùnlọ́rùn (meningitis) fi bora mọ̀ dáadáa, àfi bí wọ́n bá lẹ ṣúgà náà mọ́ purotéènì bíi CRM197. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Nàìjíríà ni ó kọ́kọ́ lo abẹ́rẹ́ tuntun tí ó ń dènà ẹ̀yà márùn-ún àrùn náà ní gbogbo àgbáyé. CRM197 ni wọ́n lẹ ṣúgà ẹ̀yà mẹ́ta mọ́ nínú márààrún.

Ọmọbìnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún wa níbi tí wọ́n ti ń gún ọmọ?" N kò rí èsì fún un. Olóòtú, ẹ bá wa ya ojú-ewé kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún irú àlàyé yìí ní Yorùbá. Bí ẹ bá gbà, èmi yóò kọ́kọ́ kọ ti ikọ́ líle, n kò sì ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.