Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ aṣọ náà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Mo máa ń ka ohun tí ẹ ń kọ nípa àwọn eré wa, òun ló mú mi kọ ìwé yìí.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ bá ọmọ mi obìnrin wẹ ọmọ tuntun ní Woolwich, ní London. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí ọmọ ti sùn, ó fi eré kan hàn mí, apá mẹ́ta, Stephen lorúkọ rẹ̀. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ITV ló gbé e jáde lọ́dún 2021. Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ni. Stephen Lawrence, ọmọ ọdún 18 tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Jàmáíkà, ń retí bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Eltham, ní London, lálẹ́ ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1993. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin òyìnbó kan ya bò ó, wọ́n gún un lọ́bẹ pa, torí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ọmọ mi ní bọ́ọ̀sì tí òun máa ń wọ̀ ń gba ojú títì yẹn kọjá. Mi ò tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan, Clive Driscoll, ni eré náà tẹ̀ lé, òun tó gba ẹjọ́ náà lọ́dún 2006, nígbà tó ti pé ọdún 13 tí wọ́n ti sin ọmọ. Èmi ì bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́ ká pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ Doreen, ìyá ọmọ, torí òun àti bàbá ọmọ ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú kí Driscoll tó dé. Ṣùgbọ́n Sharlene Whyte tó ṣe ìyá náà ṣe é dáadáa. Kì í pariwo. Á kàn wo ọlọ́pàá, á sì dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló gbé mi dìde lórí àga. Àwọn aṣọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn afurasí lọ́dún 1993 ni wọ́n tún gbé lọ sí ilé àyẹ̀wò. Lára jákẹ́ẹ̀tì ọ̀kan nínú wọn, wọ́n rí òwú wínníwínní tó wá láti ara aṣọ Stephen, wọ́n sì rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní kọ́là, tí kò ju ìdajì mìlímítà lọ. Olóòtú, èmi mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni òwú ń ṣe. Bí mo bá gé aṣọ pupa láàárọ̀, títí alẹ́ ni màá máa ṣa òwú rẹ̀ lára búláòsì mi. Àwọn agbẹjọ́rò afurasí ní àwọn aṣọ náà àti ti Stephen ti fara kan ara wọn níbi tí wọ́n kó wọn pamọ́ sí, ìdí nìyẹn tí àwọn olùpẹ̀jọ́ fi ní láti ṣàlàyé àpò kọ̀ọ̀kan, ẹni tó tú u àti ìgbà tó tú u. Ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ dá Gary Dobson àti David Norris lẹ́bi. Ilé ẹjọ́ ti dá Dobson sílẹ̀ rí lọ́dún 1996. Òfin tó ní a kò gbọ́dọ̀ tún ẹjọ́ ẹni tí a ti dá sílẹ̀ dá ni wọ́n yí padà kí wọ́n tó lè tún ẹjọ́ rẹ̀ dá.

Bẹ́ẹ̀ àwọn ará àdúgbò ti dárúkọ àwọn afurasí láti ọjọ́ kìíní. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọlọ́pàá fi jókòó kí wọ́n tó mú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń ṣọ́ ilé àwọn afurasí náà, wọ́n rí i tí ọ̀kan gbé ohun tó jọ aṣọ jáde nínú ọ̀rá dúdú, wọn ò dá a dúró.

Ọ̀rá yẹn ló rán mi létí. Lọ́dún 2009, wọ́n pa ọmọ aládùúgbò mi, ọmọ ọdún 17, tó ń kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná. Èmi ni mo rán ṣẹ́ẹ̀tì àǹkárá tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, bọ́tìnì mẹ́fà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá kan ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀, wọ́n kó aṣọ lé e lọ́wọ́ nínú ọ̀rá, wọ́n ní kó máa lọ. Ìyá náà rẹ ṣẹ́ẹ̀tì náà sínú omi ọṣẹ, ó fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́. Èmi ni mo bá a sá a. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé àmì ẹni tó gbá ọmọ náà mú lè wà lára aṣọ yẹn. Títí dòní, a ò mọ̀ ọ́n.

Nínú eré tiwa, òkú ló máa ń fara han apààyàn, tàbí kí wòlíì rí ìran, tàbí kí apààyàn máa ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lójú títì. Mo fẹ́ràn àwọn òṣèré wa, mi ò sì ní kí wọ́n pa ìyẹn tì. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n ni: ẹ ṣe ẹyọ kan tí ọlọ́pàá á ti fi aṣọ ọmọ sínú àpò bébà, tí á lẹ̀ ẹ́, tí á kọ ọjọ́ sí i, tí á sì sọ fún ìyá pé, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́.” Àwọn ìyá tí kò lè dé iwájú ọ̀gá ọlọ́pàá ń wo eré lójoojúmọ́.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ rí bí òwú ṣe ń fò láti ara aṣọ kan sí èkejì, kí wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Màá gé aṣọ lójú wọn.

Ìyá Télọ̀,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.