Lẹ́tà sí Láńre

Láńre ọ̀rẹ́ mi, Kọ́múréèdì,

Ṣé àlàáfíà ni? Ìyá Tóbi ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òjò Merthyr Tydfil ní Wales níbí ò fẹ́ dá, iṣẹ́ alẹ́ ń lọ, Bọ́lá ti bí ọkùnrin.

Mo gbọ́ pé o fẹ́ du ipò aṣòfin. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo ní agbádá wo ni yóò gba ikùn yẹn? Nígbà tó di òru, ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n sùn.

Ìlú yìí ni Keir Hardie ṣojú fún nílé aṣòfin ní London, láti 1900 títí tó fi kú ní 1915. Ọmọ ìránṣẹ́bìnrin ni, ará Scotland. Nígbà tó wà ní kékeré, ó ń gbé búrẹ́dì kiri fún oníbúrẹ́dì kan. Àbúrò rẹ̀ ń kú lọ nílé, ó wá pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ọ̀gá ní kó gòkè wá. Ẹbí ọ̀gá jókòó ti oúnjẹ àárọ̀, kọfí ń ta sánsán, omi òjò ń kán lára ọmọ. Wọ́n lé e, wọ́n tún gbẹ́sẹ̀ lé owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ìwọ náà mọ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọ inú kòtò èédú.

Ní 1894, kòtò èédú gbiná ní Cilfynydd nítòsí ibí, ó pa èèyàn tó ju 250 lọ. Àwọn aṣòfin ń kí Ọbabìnrin Victoria kú ewu ọmọ tí wọ́n bí sí ìdílé rẹ̀, Hardie, tó ń ṣojú fún West Ham nígbà náà, ní kí wọ́n bá àwọn opó náà kẹ́dùn, wọ́n kọ̀. Ó sọ tẹnu rẹ̀, ariwo ni wọ́n fi bò ó. Ní 1906, òun ni olórí àkọ́kọ́ fún àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ Lébọ̀, 29 péré.

Àmọ́ Lillie ìyàwó rẹ̀ ni mò ń rò. Títí di 1911, ìjọba ò san owó oṣù fún aṣòfin. Ọkọ ń rìn kiri, obìnrin náà ń ṣún owó ná pẹ̀lú àwọn ọmọ ní Cumnock, ní Scotland. Nígbà tí ogun 1914 dé tí Hardie ní òun ò fẹ́ ogun, àwọn ará Aberdare nítòsí ibí, tó dìbò fún un, ló pariwo lé e lórí.

Láńre, wọ́n ní o fẹ́ ta ilẹ̀ Mọ́níyà láti fi ra fọ́ọ̀mù. Àwa méjèèjì la jọ rà á, àbí o ti gbàgbé? Jọ̀ọ́, má tà á. Mo ní owó díẹ̀ tí mo lè yá ẹ. Pè mí kí o tó rí lọ́yà, kí o sì jẹ́ kí Ìyá Tóbi wà níbẹ̀ tí a bá ń sọ̀rọ̀.

Èlùbọ́ mi ti tán o.

Èmi ni,
Kúnlé