Lẹ́tà sí Mojí lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá iléèwé Tóbi

Houston, Texas,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Mojí, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé èmi tí kì í fi ju ohùn ìṣẹ́jú kan ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp ni mo jókòó kọ odindi lẹ́tà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbìyànjú láti fi ohùn sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ẹkún sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Ara wa le. Bàbá Tóbi ṣì ń ṣe iṣẹ́ òru, Fọlákẹ́ ti bí ìbejì, ooru sì ti ń padà bọ̀. Ọ̀rọ̀ Tóbi ni mo bá wá.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó kọjá, wọ́n pè mí láti iléèwé rẹ̀ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo sáàmù tí mo mọ̀ ni mo kà tán nínú ọkọ̀, nítorí pé bí iléèwé bá pe òbí ní ọ̀sán gangan níhìn-ín, ìbọn ni ohun àkọ́kọ́ tí ń wá síni lọ́kàn. Kì í ṣe ìbọn. Ọmọkùnrin méjì ni wọ́n ń jà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Tóbi bọ́ sí àárín wọn láti là wọ́n, ni ọlọ́pàá iléèwé bá sáré dé, ó da àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dojú bolẹ̀, ó sì kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọmọ mi lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, Mojí! Wọ́n ti tú u kí n tó dé yàrá ọ̀gá iléèwé, ṣùgbọ́n ojú ibi tí irin náà ti mú un ṣì pọ́n yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ká, ó sì ń fa ọwọ́ súwẹ́tà rẹ̀ wálẹ̀ kí n má bàa rí i. Ní alẹ́, mo fi òrí pa á fún un. Ohun kan ṣoṣo tí ó sọ ni pé, “Mọ́mì, ó mọ̀ mí.”

Bẹ́ẹ̀ ni, ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n. Adúláwọ̀ bíi tiwa ni, ó máa ń bọ̀ wá sí pápá lẹ́yìn iléèwé láti kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀, orúkọ inagijẹ sì ni ó fi ń pe Tóbi. Bí ó bá jẹ́ ìkà ènìyàn ni, ọ̀rọ̀ náà ìbá rọ̀ mí lọ́rùn, ǹ bá bú u kí n sì sinmi.

Ìwọ tí o jẹ́ igbákejì ọ̀gá iléèwé yóò fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá náà ni. Wọn kò ránṣẹ́ pè é. Ibẹ̀ ni ó ń jí lọ lójoojúmọ́ bí olùkọ́ ìṣirò, tòun ti ìbọn ní ìbàdí. Ọ̀pọ̀ àgbègbè ẹ̀kọ́ ní Texas ni wọ́n ní ẹgbẹ́ ọlọ́pàá tiwọn, tọkọ̀ tọ̀gá. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ iléèwé méjì yìnbọn pa ènìyàn ní iléèwé Columbine ní ìpínlẹ̀ Colorado ní ọdún 1999 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í da owó sí ọ̀rọ̀ náà gan-an, nígbà tí ó sì di ọdún 2023, ìjọba Texas ṣe òfin pé kí òṣìṣẹ́ aláàbò kan tí ó gbé ìbọn máa wà ní iléèwé ìjọba kọ̀ọ̀kan, títí kan ti àwọn ọmọ kéékèèké. Ìpànìyàn iléèwé ní Uvalde, ìlú kan ní Texas níhìn-ín, ni ó fa òfin yẹn. Ìwọ náà rántí Uvalde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ọmọ mọ́kàndínlógún àti olùkọ́ méjì ni apànìyàn náà yìnbọn pa. Àgbègbè ẹ̀kọ́ náà ní ọlọ́pàá tirẹ̀, àwọn agbófinró tí wọ́n sì péjọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́ 376, síbẹ̀ ìṣẹ́jú 77 kọjá kí wọ́n tó wọlé bá apànìyàn náà. Ní ọdún 2018, nígbà tí ọmọ iléèwé kan yìnbọn ní iléèwé Santa Fe tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín, ọlọ́pàá wà nínú ọgbà, ìbọn ba ọ̀kan nínú wọn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ènìyàn mẹ́wàá sì ṣòfò. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ọlọ́pàá ni yóò gba ọmọ mi là, n kò lè jiyàn, n kò sì lè ṣe àmín.

Ohun tí ó dá mi lójú ni pé ìjà ọmọdé kì í parí sọ́wọ́ olùkọ́ mọ́ níbi tí ọlọ́pàá bá wà. Ṣé o rántí bàbá ọdẹ iléèwé wa? Ní ọjọ́ tí ó ká wa mọ́ ẹ̀yìn ọgbà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ yẹn, àkàrà méjì ni ó gbà, a kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ títí tí a fi jáde. Níhìn-ín, ìwé ni wọ́n ń kọ. Ìwé ìkìlọ̀ ni wọ́n kọ fún Tóbi, mo sì fọwọ́ sí i, wọ́n ní kò ní dé kóòtù. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án yóò pé ọdún mẹ́tàdínlógún, láti ọjọ́ náà sì ni òfin Texas kò ní kà á sí ọmọdé mọ́ bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn án. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó kó iye jọ ní sáà 2015 sí 2016: nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ iléèwé ìjọba, 15 ni adúláwọ̀, ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ tàbí tí wọ́n mú, 31 ni. Ní ọdún 2015 kan náà ni ọlọ́pàá iléèwé kan ní ìpínlẹ̀ South Carolina gbé ọmọbìnrin kan ṣánlẹ̀ tòun tàga, nítorí fóònù.

Mo lọ sí ìpàdé òbí ní Ọjọ́bọ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n kó àwọn ọlọ́pàá kúrò ní iléèwé bí ìlú Minneapolis ti ṣe ní ọdún 2020 lẹ́yìn ikú George Floyd, adúláwọ̀ tí ọlọ́pàá pa níbẹ̀. Ẹlòmíràn ní ìlú Denver náà kó wọn lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ kan yìnbọn lu òṣìṣẹ́ iléèwé méjì ní ọdún 2023, wọ́n tún dá wọn padà. Mo dìde láti sọ̀rọ̀, mo bi wọ́n ní agogo tí ìpàdé yóò parí, mo sì jókòó. Má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ìwọ rẹ́rìn-ín sí èyí dípò rẹ̀: báàgì tí ó mọ́ gaara bí ọ̀rá píọ̀wọ́tà ni iléèwé ní kí àwọn ọmọ máa gbé wá, kí gbogbo ènìyàn lè rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ Tóbi kan rí mọ́ínmọ́ín tí mo dì fún un, ó sì bi í léèrè ìdí tí ó fi ń gbé ọṣẹ kiri.

Mojí, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí. Bí mo bá fi Tóbi ránṣẹ́ sí ọ ní oṣù Kẹsàn-án, ṣé wọn yóò gbà á sí SS2 ní iléèwé yín? Ṣé ààyè ṣì wà ní yàrá àwọn ọmọkùnrin rẹ? Má rò pé mo gbàgbé Èmùrè-Èkìtì, níbi tí wọ́n ti jí àwọn ọmọ iléèwé gbé nínú ọkọ̀ tí ń gbé wọn lọ sílé ní oṣù Kínní ọdún 2024. Ìwọ náà ni o sọ fún mi pé ẹ ti gba ọdẹ méjì kún ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, sọ fún mi ẹni tí ó ń dúró ní ẹnu ọ̀nà yín, ohun tí ó gbé lọ́wọ́, àti bí àwọn ọmọ ṣe ń dé ilé. Má tù mí nínú, òótọ́ ni kí o sọ.

Agogo márùn-ún ìdájí tiyín ni kí o pè mí, nígbà tí Bàbá Tóbi bá ti lọ síbi iṣẹ́, nítorí pé n kò tíì sọ fún un, bẹ́ẹ̀ ni Tóbi náà kò tíì mọ̀. Ní àná, ó gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ jáde síwájú ilé, ó gbá a mọ́lẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì gbé e wọlé padà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àbẹ̀kẹ́