Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìjà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń na ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó pẹ̀lú bọ́ọ̀sì akérò. Ọ̀rọ̀ eré àsápajúdé kọ́ ni mo bá wá lónìí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń sọ ìyẹn fún wa lójoojúmọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá gbá ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ, torí inú ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni mo ti rí ẹni tí orí kó yọ nínú ìjàm̀bá, tó tún wá kú sójú títì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo dé ìtòsí Ògèrè, mo bá dánfó kan àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ti fẹ̀gbẹ́ gbára wọn. Ẹnikẹ́ni ò farapa. Iná ẹ̀yìn ọ̀kan fọ́, bọ́ńpà èkejì tẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn awakọ̀ méjèèjì ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n di ara wọn lọ́rùn aṣọ mú láàárín títì. "Ta ló ní kí o tẹ bíréèkì lójijì?" "Ṣé ìwọ ò lójú ni?" Èrò inú dánfó náà ti sọ̀kalẹ̀, àwọn kan ń là wọ́n, àwọn kan ń fi fóònù yà wọ́n. Kò sí sí-kọ́ṣọ̀n, ìyẹn àmì onígun mẹ́ta pupa tí a ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀ tó bá kú, kò sí ewé ìkìlọ̀, iná tráfíkétọ̀ kankan ò tàn. Mo ya ọkọ̀ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní kí n lọ pàrọwà fún wọn. Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn tí tírélà kan fi yọ láti ẹ̀yìn. Ó fọn fèrè títí, ṣùgbọ́n ojú títì ti tutù, bíréèkì rẹ̀ ò mú un dúró. Nígbà tí wọ́n gbé gbogbo wọn lọ tán, ẹsẹ̀ bàtà ilé-ìwé kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù sílẹ̀, bàtà dúdú tí wọ́n kùn dán, tí okùn rẹ̀ ṣì wà ní dídè. Bọ́ńpà tí panẹ́lì-bítà ì bá nà láàárín wákàtí kan ni wọ́n torí ẹ̀ dúró síbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọkọ̀ yín bá gbá nǹkan, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tan tráfíkétọ̀ méjèèjì. Ẹ kó èrò kúrò lójú títì, kí wọ́n wọnú koríko lọ́hùn-ún, kí wọ́n má ṣe kóra jọ sẹ́yìn ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé sí-kọ́ṣọ̀n, kí ẹ sì rìn jìnnà dáadáa. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé e sí, ìdí ọkọ̀ gan-an ni. Ọkọ̀ tó bá ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ bíi mítà 28 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan péré. Kí ẹni náà tó rí yín, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì, ó ti dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ ka ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ sẹ́yìn lójú ọ̀nà márosẹ̀. Bó bá jẹ́ kọ́nà tàbí orí òkè ni ọkọ̀ kú sí, ẹ gbé e sí ibi tí wọ́n á ti rí i kí wọ́n tó yọ sí yín. Ewé tútù tí a máa ń já sílẹ̀ kì í tàn lóru. Òkúta tí ẹ bá sì fi dá táyà dúró, ẹ gbé e kúrò tí ẹ bá ń lọ! Òkúta tí ẹnì kan fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni èmi fúnra mi gùn lóru nítòsí Ṣàgámù, ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò sáré.

Bí ẹnì kan bá farapa, ẹ má fà á bí àpò gaàrí. Mo ti rí i tí ẹni mẹ́rin di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọkùnrin kan mú, tí orí rẹ̀ ń mì dirodiro, tí wọ́n ká a kò sẹ́yìn ọkọ̀. Bí egungun ọrùn bá ti dá, irú gbígbé yẹn lè sọ ọ́ di arọ. Àfi bí iná bá ń bọ̀ tàbí tí omi bá fẹ́ gbé e, ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà, kí ẹnì kan fọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú kó má yí. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń tú jáde, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí. Ẹ má bu omi sí i lẹ́nu. Ẹ pe 122 fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá jẹ́ Èkó ni, 767 tàbí 112. Kí ẹ sì dárúkọ ibi tí ẹ wà ní pàtó: ẹ̀gbẹ́ tó ń lọ tàbí èyí tó ń bọ̀, afárá wo, ilé epo wo.

Nílé ìwòsàn, wọ́n lè ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó. Òfin ètò ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé wọn ò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san 100,000 náírà ìtanràn tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù 6. Ẹ sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú sùúrù, ẹ má kúrò níbẹ̀.

Táńkà yàtọ̀ o. Bí táńkà epo bá ṣubú, ẹ sá, ẹ sì lé àwọn tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì bọ̀ padà. Ní June 28, 2018, táńkà epo kan gbiná ní afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní Èkó, ó kéré tán ènìyàn 9 kú, ọkọ̀ tó lé ní 50 sì jóná.

Mo mọ ìdí tí àwọn kan nínú wa fi ń sá lọ. Ẹ̀rù àwọn tó máa lù wọ́n pa ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń sáré mú igi bí awakọ̀ bá gbá ènìyàn, ẹ̀yin náà ń pa ẹni tó wà nílẹ̀, torí ẹ̀rù yín ni kì í jẹ́ kí awakọ̀ dúró gbé e. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó bá sá, tí kò yà sí àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ ọn jù, tí kò sì pe ẹnikẹ́ni fún ẹni tó gbá, mi ò lè bá a wá àwíjàre. Òfin ní kó dúró, kó sọ orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀, kó sì fi tó ọlọ́pàá létí.

Ní ti ẹni tó jẹ̀bi, ẹ ya fọ́tò ọkọ̀ méjèèjì pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ìwé adójútòfò ara yín. Ìwé adójútòfò ẹni-kẹta, tí ọkọ̀ aládàáni ń san 15,000 náírà fún láti ọdún 2023, lè tún ọkọ̀ ẹlòmíràn tí ẹ bà jẹ́ ṣe títí dé mílíọ̀nù 3 náírà, bí kò bá ṣe ayédèrú lẹ rà lábẹ́ igi.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn alága gáréèjì ni pé kí bọ́ọ̀sì tó gba èrò, bí ẹ ṣe ń béèrè owó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí awakọ̀ ṣí bùútù, kó fi sí-kọ́ṣọ̀n rẹ̀ hàn yín. Ẹni tí kò bá ní, kó lọ rà á kó tó tò. Abẹ́ ìjókòó mi ni tèmi wà, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n kó ẹrù lé e.

Èmi ni tiyín,
Awakọ̀ akérò kan,
Ìbàdàn.