Ẹ̀rín Màmá Alto Dà?

Ilé-Ifẹ̀

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti rí ọ̀rọ̀ tí o kọ fún àádọ́rin ọdún Màmá alto, àgbà ohùn alto nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, tí o ní kí n bá ọ wò kí o tó kà á níwájú ìjọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Yorùbá rẹ̀ dùn, àmọ́ nígbà tí mo kà á tán, mo bi ara mi pé: àbí wọ́n ti kú ni? "Abiyamọ tòótọ́, olùbẹ̀rù Ọlọ́run, òpó nínú ìjọ." Ohun tí à ń tẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú nìyẹn. Kò sí ìjọ tí kò ní òpó ní Iléṣà. Ẹ̀rín wọn dà?

O ṣì kéré nígbà náà, o lè má rántí. Ọ̀gá akọrin wa ṣe orin tuntun kan fún ìkórè, ó wá gbé "ọkọ̀" inú "ọkọ̀ ìgbàlà" sórí re-mí. A ti kọ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, gbogbo wa dijú, orin ti wọ̀ wá lára. Ni Màmá bá nawọ́ sókè: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé oko là ń lọ ni? Ọkọ́ ni mò ń gbọ́ o. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ká kúkú mú àdá dání." Àwọn bass rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ọ̀gá fajú ro, ó ń kùn ín sábẹ́ ètè, kò sì fèsì. Kí a tó túká lálẹ́ ọjọ́ náà, re-dò ló ti wà lójú pátákó. Ìwọ náà tó ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin mọ̀ pé bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ ti lọ nìyẹn. Gbogbo wa la jọ wà níbẹ̀, etí tiwọn nìkan ló gbọ́ ọ. Kọ ìyẹn.

Kọ èyí tí Màmá sọ fún àwọn tenor tó máa ń pẹ́ wọlé náà: "Ṣé Ìmẹ̀sí-Ilé lẹ ti ń bọ̀ ni?"

Màmá náà ní àléébù tiwọn. Wọ́n fi gèlè mi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà kan, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mi ò fi dá sí wọn. (Ká sòótọ́, gèlè náà ò dáa.) Má fi ìyẹn sí i.

Ọdún tí ọkọ wọn kú, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ padà wá síbi ìfidánrawò, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí à bá sọ. Wọ́n wò wá yíká: "Èmi ni mò ń ṣọ̀fọ̀, ẹ̀yin lẹ wá ń fajú ro?" A bẹ̀rẹ̀ orin. Nígbà tó di ẹsẹ kejì, ohùn wọn há. Àwa alto yòókù gbé e lọ dópin. Wọ́n nu ojú, wọ́n ní, "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ mọ̀ ọ́n láìsí mi ni." Ó wù mí kí o fi èyí sí i, ṣùgbọ́n lọ bi wọ́n léèrè ná. Ọ̀fọ̀ tiwọn ni.

Owó tí ẹgbẹ́ fẹ́ fi ra àmì-ẹ̀yẹ, ẹ fi gúnyán. Ìjẹ̀ṣà ni wá.

Mò ń bọ̀. Fi àyè sílẹ̀ fún mi láàárín àwọn alto. Orin ìkórè yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọkọ̀ yẹn sí re-mí. Ẹ máa wo ọwọ́ wọn.

Ìyá rẹ