Mo máa ń jókòó tí orin yẹn bá dé

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín láti Iléṣà, níbi tí wọ́n ti ní ẹni tó bá ń ka ẹ̀ṣẹ̀ sí Fẹlá Aníkúlápó Kútì lọ́rùn kì í ṣe ọmọlẹ́yìn Abàmì Ẹ̀dá, kí onítọ̀hún yáa kó àwo orin rẹ̀ dà nù. Èmi gan-an ni wọ́n ń bá wí. N kò ní kó àwo kankan dà nù.

Àwo Fẹlá mọ́kàndínlógún ló wà nílé mi ní Parakin níbí. Inú páálí ni mo tò wọ́n sí, aṣọ àǹkárá tó ti gbó ni mo sì fi ń nù wọ́n kí n tó gbé abẹ́rẹ́ lé wọn. Ní Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, a máa ń pàdé ní àgbàlá mi, bí èèyàn mẹ́wàá: mẹkáníìkì kan láti Lágere, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mélòó kan, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì, àti àwọn obìnrin tí a jọ dàgbà. Orin ẹyọ kan lè gba ojú àwo kan tán, kò sì sí ẹni tó ń kánjú.

Tí "Lady" bá dé, orin tó gbé jáde ní 1972, mo máa ń jókòó. Ìlù yẹn wọ èèyàn lára, n kò purọ́, ẹsẹ̀ mi á máa jó lábẹ́ àga, ṣùgbọ́n n kò ní dìde. Obìnrin tó ní òun náà tó ọkùnrin ni orin yẹn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀ ta ló bí Fẹlá? Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni, ìyá tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá sòdí lórí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949. Nígbà tí àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá ní oṣù Kejì ọdún 1977, tí wọ́n ju ìyá náà láti ojú fèrèsé, tí ìyá sì kú lọ́dún tó tẹ̀lé e, Fẹlá gbé pósí lọ sí Dodan Barracks l'Ékòó, níbi tí ìjọba ológun fìdí kalẹ̀ sí. Ọmọ tó mọ iyì ìyá rẹ̀ tó báyìí ni. Òun náà ló kọ orin yẹn. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ìyẹn kò tó èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Ní nǹkan bí 1995, ọmọkùnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó ti gbẹ. Ọmọ Fẹlá paraku ni. Bó ṣe dùbúlẹ̀, á máa fi ìka méjì lu irin bẹ́ẹ̀dì, mo sì mọ orin tó ń lù láìjẹ́ pé ó la ẹnu. Ọjọ́ tí mo bi í bóyá ó ń lo kọ́ńdọ̀mù tẹ́lẹ̀, ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. Ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, Fẹlá ní kì í ṣe nǹkan ilẹ̀ wa." Kò pa irọ́ mọ́ Fẹlá. Ní gbangba ni Fẹlá ń sọ ọ́ pé kọ́ńdọ̀mù kò bá ìṣe Áfíríkà mu. Ọmọ náà kò rí òpin ọyẹ́ ọdún yẹn. Ọwọ́ mi ni mo fi pa ojú rẹ̀ dé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo di gbogbo àwo mi, mo gbé wọn fún àbúrò ọkọ mi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo lọ gbà wọ́n padà. Ẹni tó ń bá sójà wí lójú wọn nígbà tí ẹ̀rù ń ba gbogbo wa ni, n kò lè ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Àbúrò mi obìnrin ní òun kò gbọ́ mi yé, ó ní bí n kò bá fẹ́ ìwà ọkùnrin náà, kí ni mo ń fi orin rẹ̀ ṣe? N kò bá a jà.

Fẹlá kú lọ́jọ́ 2, oṣù Kẹjọ, ọdún 1997, ọmọ ọdún 58. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, jókòó síwájú àwọn oníròyìn, ó ní éèdì ló pa àbúrò òun. Ẹ rántí pé nígbà yẹn, ẹbí kì í dárúkọ àìsàn náà. Wọ́n á ní ibà ni, wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, àwọn ọ̀dọ́kùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sí wa ní ọsibítù, wọ́n á fara ti ìlẹ̀kùn, wọ́n á ní àwọn kàn fẹ́ béèrè nǹkan ni. Ṣé bàbá tó kọ lẹ́tà fẹ́ sọ pé Olikoye kò fẹ́ràn àbúrò rẹ̀?

Ilé-Ifẹ̀ la wà. Lọ́dọọdún tí a bá ń ṣe Ọlọ́jọ́, tí Ọọ̀ni bá dé adé Ààrè lọ sí Òkè Mògún, Ògún là ń bọ. Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kì í: ẹni tó lómi nílé tó ń fẹ̀jẹ̀ wẹ̀. Bó ṣe pa àwọn èèyàn ara rẹ̀ ní Ìrè, wọn kì í fò ó. Kò sì sí ẹni tó máa sọ fún oníjàlá pé torí ó rántí Ìrè, kó lọ wá òrìṣà míì sìn.

Oṣù Kẹwàá tí wọ́n máa ń ṣe ìrántí Fẹlá l'Ékòó tún ń bọ̀, rédíò á máa lu orin rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Àwọn tó ń jó sí i báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọn kò tíì bí nígbà tó kú. Ta ni yóò sọ ti kọ́ńdọ̀mù fún wọn bí kò ṣe àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀?

Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé kí ló dé tí mo jókòó. Mẹkáníìkì wa ní, "Má dá Màmá lóhùn jàre, wọn ò fẹ́ràn Fẹlá tó ni." Mo sọ ohun tí mo kọ sókè yìí fún un níwájú gbogbo wọn, títí dórí ìka méjì lára irin bẹ́ẹ̀dì. Ọmọbìnrin náà gbé àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí a yí àwo padà, àwa méjèèjì la kọ́kọ́ dìde jó.

Kí bàbá Iléṣà náà máa bọ̀. Ọ̀nà kò jìn, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n mú àwo tí wọ́n fẹ́ràn jù dání. Bó bá jẹ́ "Lady" ni, a ó lù ú dópin, n ó sì jókòó.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì,
Parakin, Ilé-Ifẹ̀.