Ẹ má gba ìbò lọ́wọ́ mẹ́rúwà: lẹ́tà sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ Yorùbá ní Àbújá

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Kubwa, Lugbe, Nyanya àti gbogbo àgbègbè yìí,

Ẹ kú iṣẹ́ ajé. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín yín, n kò sì lè gbọ́ ọ kí n dákẹ́. Ẹ ní àwọn tí kò kàwé, tí kò san owó orí, ló ń ba ìlú jẹ́: wọ́n á gba ìrẹsì, wọ́n á gba náírà díẹ̀, wọ́n á dìbò fún olè. Ẹ ní kí ìbò di ti ẹni tó ń san owó orí, tó sì ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́.

Inú tó ń bí yín yé mi. Ẹni tí wọ́n ń yọ owó orí lára owó oṣù rẹ̀ kó tó dé báńkì, tó wá rí i pé ìbò tí wọ́n fi àpò ìrẹsì rà ló yan ẹni tó máa ná owó náà, inú á bí i dandan.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti dán irú ètò yẹn wò nílẹ̀ yìí. Nínú òfin tí Gómìnà Clifford ti ìjọba òyìnbó gbé kalẹ̀ ní 1922, Èkó àti Kàlàbá nìkan ló lè dìbò, ọkùnrin nìkan, àti ọkùnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò dín ní £100. Mélòó nínú àwọn baba ńlá yín ló ń rí £100 lọ́dún nígbà náà? Àríwá tí a wà yìí kò sí nínú rẹ̀ rárá. Gómìnà ló ń dá òfin ṣe fún un. Nígbà tó fi di ìbò 1959, obìnrin ti ń dìbò ní Ìwọ̀ Oòrùn àti Ìlà Oòrùn, àmọ́ ọkùnrin nìkan ló dìbò níhìn-ín. Gambo Sawaba, obìnrin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú NEPU, ti ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin Àríwá láti àwọn ọdún 1950, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n lọ́pọ̀ ìgbà. 1976 ni ẹ̀tọ́ náà tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì lò ó nínú ìbò 1979. Bí wọ́n bá ti fẹ́ yọ èèyàn kúrò nínú ìbò, ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà ló máa ń sọ ẹni tó yẹ àti ẹni tí kò yẹ.

Ti owó orí ńkọ́? Àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta ń san án láìní ẹnu níbi tí wọ́n ti ń bù ú lé wọn, kí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti tó kó wọn jọ tí ọ̀rọ̀ náà fi mú Aláké kúrò lórí ìtẹ́ fúngbà díẹ̀ ní 1949. Lónìí, ta ni kì í san án? VAT, owó orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà, ti jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti 2020. Mẹ́rúwà tó ń ti ọmọlanke omi ní Mararaba ń san án tó bá ra káàdì ìpè, kò sì sẹ́ni tó kọ́kọ́ bi í bóyá ó kàwé.

N kò bá ọjà jà o. Òwò ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wa dé ìhín. Àmọ́ lọ́jà, owó ni wọ́n ń kà: òun ló ń sọ ẹni tó máa gbé Maitama àti ẹni tó máa há sí yàrá kan, ọmọ ẹni tó máa rí ilé ìwé gidi àti aláìsàn tó máa tètè rí dókítà. Ọjọ́ ìbò nìkan ni wọ́n ń ka orí. Bí ẹ bá tún ní kí wọ́n ka owó lọ́jọ́ yẹn, ibo ló kù fún ẹni tí kò ní?

Owó sì ti wọ ibẹ̀ ná, ọ̀nà tó gbà wọlé ni ẹ kò wò. Kí ìbò 2023 tó dé, ₦100 mílíọ̀nù ni ẹgbẹ́ APC ń ta fọ́ọ̀mù ẹni tó fẹ́ díje fún ipò ààrẹ, PDP ń ta tiwọn ní ₦40 mílíọ̀nù. ₦30,000 ni owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin nígbà náà. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn, bí kò jẹ tí kò mu, á ṣiṣẹ́ ju ọdún 270 lọ kó tó lè ra fọ́ọ̀mù APC kan. Kí tálákà tó dé ìdí àpótí, owó ti dìbò tirẹ̀ tán.

Bí àwọn kan ṣe ń ta ìbò, n kò gbè é lẹ́yìn. Nígbà ìbò Èkìtì ní 2018, "dìbò, kóo sebẹ̀" gba ẹnu gbogbo ayé, ó sì dùn mí. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ṣùgbọ́n òfin ìdìbò mú ẹni tó rà á àti ẹni tó tà á. Ẹni tó tà á nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́nu yín. Ẹni tó rà á, ẹ ń pè é ní Ọnọ́rébù níbi ìnáwó. Ẹ̀yin gan-an sì ń jẹ́ kí ọjà náà pọ̀ fún un. Ó lé ní mílíọ̀nù 93 èèyàn tó forúkọ sílẹ̀ fún ìbò 2023, àwọn tó jáde kò tó mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Bí èèyàn bá ṣe ń kéré níbi ìdìbò, bẹ́ẹ̀ ni ìbò tí olówó ní láti rà kó tó wọlé ń kéré.

A kì í dìbò yan gómìnà ní Àbújá. Ààrẹ ló ń yan mínísítà fún wa. Alága àti kánsẹ́lọ̀ ni ìbò tó sún mọ́ wa jù. Tí orúkọ yín bá ṣì wà ní Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ lọ bá INEC kí wọ́n gbé e wá síbi tí ẹ ń gbé. Kí ẹ sì bi mẹ́gáàdì tó ń ṣọ́lé yín bóyá ó ní káàdì ìdìbò. Tí kò bá ní, ẹ yọ̀ǹda ọjọ́ kan fún un kó lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ má yọ owó ọjọ́ náà, ẹ má sì sọ ẹni tó máa dìbò fún fún un.

Èmi ni, bàbá yín ní Kubwa.